Ìṣasùn Bùkọ́lá àti Ẹ̀rọ Ìfọ-Abọ́ Alhaja

Ìgbògbò, Ìkòròdú,
Ọjọ́rú.

Wálé ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Má tíì tú ẹrù tí awakọ̀ fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbé e sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí o jókòó. Bí o bá ti tú u, fi aṣọ bò ó padà, kí o máa kàwé. Mo mọ ẹni tí mo bí.

Ara mi le, a dúpẹ́. Mo nírètí pé ara tìrẹ náà le, àti pé o ti jẹun lónìí, kì í ṣe gààrí lásán.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé, ohùn rẹ rọlẹ̀ débi pé mo rò pé ẹnì kan ló kú. O ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ jókòó?" Mo ní mo jókòó, bẹ́ẹ̀ ìdúró ni mo wà, mo di ògiri kíláàsì mú. Àṣé ìṣasùn ló fọ́.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Bùkọ́lá ìyàwó rẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ tọ́jú ọmọ, Sátidé yìí ló ń bọ̀. Ìwọ fẹ́ ṣe ohun tí inú rẹ̀ á dùn sí kó tó dé, lo bá ní kí o fọ gbogbo ilé ìdáná. O rí ìṣasùn tí ìyá rẹ̀ àgbà gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, ìkòkò amọ̀ tí ìyá náà ti ń fi se ọbẹ̀ láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìyàwó. O rí i pé ó dúdú. O ní ìdọ̀tí ni. O da ọṣẹ lúbúlúbú àti omi gbígbóná sí i, o rẹ ẹ́ mọ́jú, o fi kànrìnkànrìn onírin ha á títí ó fi pọ́n, o wá gbé e sórí iná gáàsì kó lè tètè gbẹ. Ó dún kàù, ó sì pín sí méjì.

Ohun tí o wá fẹ́ kí n ṣe ni pé kí n bá ọ wá òmíràn nínú ọjà Ìkòròdú. O ní, "Mọ́mì, kó jẹ́ èyí tó ti dúdú o, tó ti pẹ́, tó tóbi bákan náà. Ibi tó gbé tiẹ̀ sí ni màá gbé e sí. Kò ní mọ̀."

Mo ní màá wò ó. Mo sì ti wò ó. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé lórí fóònù, "Ẹn-ẹn Mọ́mì, mo ti gbọ́ Mọ́mì" ni o máa ń sọ kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kò ṣeé dá lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Mo sì ti di akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, bébà kò wọ́n mi.

N kò ní bá ọ wí kí n tó sọ ti ara mi, nítorí pé ipasẹ̀ ìyá rẹ gan-an lo tọ̀.

Àkọ́kọ́. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wọlé ní Ẹ̀pẹ́, ìyá rẹ̀ ní wáyà kan tí wọ́n fi ń yan ẹja. Wáyà náà dúdú, ó ń dán bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa orí. Mo jẹ́ ìyàwó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo gbé wáyà lọ sí etí ọ̀sà, mo fi iyanrìn ha á láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn mí láàárín orí. Ó funfun bí eyín. Mo gbé e padà wálé, mo gbé e ti ibi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i.

Ìyá àgbà wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o mà ṣiṣẹ́ o." Inú mi dùn, mi ò lè sùn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tẹ́ ẹja sórí rẹ̀. Ẹja lẹ̀ mọ́ wáyà bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀kan tó kúrò níbẹ̀ tòun ti awọ. Gbogbo ẹja ọjọ́ náà, ìhòòhò ni wọ́n lọ sọ́jà. Mo bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ní kí n sún mọ́ òun. Wọ́n ní, "Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Epo ni, èéfín ni, ọdún ni. Kí o tó fọ nǹkankan nílé ọkọ, kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí níbẹ̀."

Àjàní, fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ìwọ rò pé obìnrin nìkan ló ń lọ sílé ọkọ. Ọkùnrin tó gbéyàwó náà ti kó wọ ilé tuntun, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá tí wọ́n bí i sí ló ṣì ń sùn. Ìṣasùn Bùkọ́lá ti ilé mìíràn wá, ó sì ní òfin tó bá a wá. A kì í fi ọṣẹ fọ ìṣasùn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, pẹ̀lú kànrìnkànrìn tó rọ̀, ó parí. Amọ̀ máa ń mu. Ọṣẹ tí o bá dà sínú rẹ̀, ó ti mu ún nìyẹn, ọbẹ̀ ọ̀la ni yóò pọ̀ ọ́ sí. Tó bá sì mu omi mọ́jú, a kì í gbé e sórí iná, atẹ́gùn ni a fi ń gbẹ ẹ́.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá yọjú sí ilé ìdáná, èmi ni mo ń lé ọ jáde, mo ní kí o lọ kàwé. O lọ kàwé lóòótọ́. Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ ìṣasùn.

Ìkejì ni èyí tí mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́, jọ̀wọ́ má sọ ọ́ níbi tí àwọn ẹlẹ́ja á ti gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níhìn-ín, ilé Alhaja ni mo ń gbé. Bàbá Alhaja àti bàbá bàbá rẹ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, nítorí náà ọkọ ni Alhaja jẹ́ sí mi. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí mo ṣe rí ní oṣù àkọ́kọ́. Mo máa ń sọ fún ọ lórí fóònù pé, "Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa." Irọ́ ni. Nínú kíláàsì, gbogbo wọn ló kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á dìde kí n lè jókòó, lẹ́yìn náà kò sí ẹni tí yóò jókòó tì mí. Mo mọ ẹni tí bàtà rẹ̀ ń han, mo mọ ẹni tó ń jẹ gúgúrú lábẹ́ tábìlì, mo mọ àwọn méjì tí wọ́n ń bára wọn jà tí wọn ò fẹ́ kí a mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ṣí. Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé-ẹ̀kọ́, mi ò lè ké "Ó wà o!" kí ó já mi sílẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo máa ń dúró de ìgbà tí ẹlòmíràn bá ké, kí n wá bá a sọ̀ kalẹ̀, kí n fẹsẹ̀ rìn padà. Lọ́jọ́ kan gbogbo èrò inú kẹ̀kẹ́ ń lọ sí ìparí ọ̀nà. Mo bá wọn dé ibẹ̀.

Nílé Alhaja, èmi ni ìyàwó. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tí orí ti ń funfun, "Ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ tí mo dé, Alhaja mú mi wọ ilé ìdáná, wọ́n na ìka sí nǹkan funfun kan tó jókòó sábẹ́ pẹpẹ bíi fíríìjì kékeré.

"Ìyàwó, ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ nìyẹn o. Àwọn ọmọ ló rà á fi ránṣẹ́ láti òkè òkun nítorí ọwọ́ mi tó ń dùn mí. Òun ni kó o máa lò."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé mà." Alhaja jáde. Mo wò ó. Bọ́tìnnì méje ló wà lójú rẹ̀, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe fẹ́ jáde lọ béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bí a ṣe ń fọ abọ́? Ohun tí mo ṣe, ọmọ mi, má rẹ́rìn-ín: ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́, kí Alhaja tó ti ibi ìrun dé. Màá nù ún gbẹ, màá tò ó sínú ẹ̀rọ, màá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Tí Alhaja bá wọlé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á mú abọ́ kan wò lójú iná, wọ́n á ní, "Háà, ẹ̀rọ yìí mà ń fọ nǹkan mọ́ o! Òyìnbó ṣe bẹbẹ." Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn lórí fóònù. Èmi ni òyìnbó náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àwọn Alhaja mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ àdúrà wọn wá kí wọn. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹja tútù tí mo fi ata rodo dín, wọ́n ń yìn mí. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, Alhaja gbé ohùn sókè láti pálọ̀:

"Ìyàwó! Tan ẹ̀rọ yẹn, kí àwọn ènìyàn mi gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá gbà. Mo kó gbogbo abọ́ náà sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe rí, tòun ti egungun ẹja, tòun ti ìrẹsì.

O lè béèrè pé kí ló dé tí n kò kọ́kọ́ da egungun nù. Ṣé o rántí bí a ṣe ń fọ abọ́ ní etí ọ̀sà? A máa ń tẹ́ abọ́ sínú omi létí ibẹ̀, a ó jókòó, a ó máa tàkúrọ̀sọ. Ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ á wá, wọ́n á ṣa gbogbo ìrẹsì àti ẹran ara egungun jẹ, egungun á bá omi lọ. Tí a bá fi máa na ọwọ́ sí abọ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Láti kékeré mi títí mo fi di ìyá, n kò ha ilẹ̀ abọ́ rí láyé mi. Ẹja ló ń bá mi ha á. Orí mi sọ fún mi pé níbi tí omi bá ti wọlé, nǹkan kan á wà níbẹ̀ tí yóò jẹ ìyókù. Mo gbàgbé pé kò sí ẹja nínú ẹ̀rọ.

Mo wá bu ọṣẹ olómi, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Mo ro bí abọ́ ṣe pọ̀ tó, mo bù ú bí mo ṣe máa ń bù ú sí bàsíà ńlá. Mo tẹ bọ́tìnnì tó tóbi jù. Ẹ̀rọ náà kùn. Àwọn Alhaja ní pálọ̀ pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ìfófò fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ dí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo fi aṣọ ìnulẹ̀ dí i, mo tú ìborùn mi, mo fi dí i. Ìfófò gun orí aṣọ, ó gun orí ìborùn, ó ń lọ sí pálọ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ bí àlejò tó mọ ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn:

"Alhaja, ṣé àlùwàlá ni ẹ̀rọ yín ń ṣe ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbé ìró sókè kó má rẹ, wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Iná ló ga jù mà. Bóyá wọn ò so ó dáadáa."

Wálé, wò ó bó ṣe yá lẹ́nu mi. Èmi tí mi ò lè ké "Ó wà o" nínú kẹ̀kẹ́, irọ́ kò há mi lọ́nà ọ̀fun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alhaja pe Tájù, ọkùnrin tó wá so ẹ̀rọ náà mọ́ omi àti iná. Mo wà ní yàrá mi, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a wí: aláìmọṣẹ́, ẹni tó fẹ́ fi iná pa arúgbó. Mo gbé ìwé mi sójú, n kò rí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ kí o rò: irọ́ kì í gbé ibi tí a bá fi í sí. Ó máa ń dìde lọ wá orí ẹni tí yóò bà lé.

Ọjọ́ kẹta ni Tájù dé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú. Bóyá lóòótọ́ ni mo so ó tì." Kò tíì wo ẹ̀rọ náà rárá tó ti ń gba ẹ̀bi. Ó ṣí i, ó yọ asẹ́ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì dà á sórí ìwé ìròyìn. Egungun ẹja, ìpẹ́, ìrẹsì tó ti wú. Òórùn rẹ̀ dé gbàgede. Tájù tún fi ìka tọ́ ibi ọṣẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé ojú sókè. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó sì tún wolẹ̀, ó dákẹ́, kò fẹ́ dójú ti ìyá àgbàlagbà.

Ìdákẹ́ rẹ̀ yẹn ló ṣe mí. Mo la ẹnu, ohùn tó jáde, àfi bí ẹni tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lórí eré:

"Èmi ni o! Alhaja, èmi ni! Tájù kò ṣe nǹkankan. Èmi ni mo da ọṣẹ lásán sí i, èmi ni mo kó egungun sí i. N kò mọ̀ ọ́n lò!"

Alhaja ní, "O ò mọ̀ ọ́n lò? Ṣebí ojoojúmọ́ lo ń lò ó!" Tájù rọra sọ fún Alhaja pé, "Wọn ò lè ti máa lò ó tẹ́lẹ̀, mà. Abọ́ tó bá jáde nínú rẹ̀ á gbóná."

Alhaja yí ojú sí mi. "Gbóná? Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí tí abọ́ mi ń jáde ní tútù."

Mo ní, "Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mà."

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ń ro bí màá ṣe di ẹrù mi padà sí Ẹ̀pẹ́, bí màá ṣe sọ fún ọ pé ìwé kíkà ti parí. Alhaja fa àga, wọ́n jókòó. Èjìká wọn ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, Wálé! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, dìde. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ̀rọ yìí ti dé. Ṣé o mọ ohun tí mo ń fi ṣe kó o tó wá? Bísíkíìtì ni mo ń kó sí i. Dókítà ní n má fẹnu kan ṣúgà, ọmọ mi obìnrin tó bá wá kí mi á tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù wò. Kò ronú dé inú ẹ̀rọ rí. Èmi náà ò mọ bọ́tìnnì kan níbẹ̀. Mo ní ìwọ tí o jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ ọ́n, màá sì fọgbọ́n wò ó lọ́wọ́ rẹ. Ojú ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ ìyàwó."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa méjèèjì wá ń sápamọ́ fún ara wa nínú ilé kan ṣoṣo. Alhaja bẹ Tájù lójú mi. Wọ́n sì bu ìrẹsì fún un, pẹ̀lú ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò. Nígbà tó jẹun tán, ó gbé àga méjì síwájú ẹ̀rọ, ó kọ́ wa bí ọmọ jéléósinmi. Ẹ kọ́kọ́ ha abọ́. Ọṣẹ tiẹ̀ yàtọ̀, ó ní ibi tí ó ń gbé. Ẹ da ojú abọ́ dé, kó kọjú sí ibi tí omi ti ń fín sókè. Ohun tí wọ́n fi igi gbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó wá rí ìṣasùn Alhaja lórí pẹpẹ, ó ní, "Èyí nìkan, ẹ má tilẹ̀ dán an wò." Alhaja ní, "Tájù, ìyẹn, o kò ní láti kọ́ wa. Ọmọ ẹni tó mọ ìṣasùn ni wá." Ìgbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé ni mo rántí gbólóhùn yẹn, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ké "Ó wà o!" nínú kẹ̀kẹ́. Mo máa ń ké e ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sì ti ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì, ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Mo ní kó fún mi jẹ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò burú. Ìyókù ìmọ̀ràn mi, mú u bó ṣe wá.

Má wá ẹni tí wàá ti ẹ̀bi sí lọ́rùn. Má sọ fún Bùkọ́lá pé ológbò ni, má sọ pé ìkòkò náà ti sán tẹ́lẹ̀. Ológbò á dákẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ni ìṣasùn ṣì wà láàyè, yóò sì gbọ́ pé ìkòkò tí òun fà lé wọn lọ́wọ́ ti sán tẹ́lẹ̀.

Má gbé irọ́ síbi tí ìyàwó rẹ ti ń se ọbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá ti fi ìkòkò kan se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti mọ ibi tí ó ti máa ń tètè gbóná. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gbé ayédèrú rẹ sórí iná ni ọwọ́ rẹ̀ á sọ fún un. Yóò sì wò ọ́, yóò máa ro ohun mìíràn tí o tún ti pààrọ̀. Ìṣasùn ti fọ́, Àjàní. Ohun tó kù tí kò tíì fọ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, ìyẹn ni kí o fi ọwọ́ méjèèjì gbé.

Àfọ́kù méjèèjì, má dà wọ́n nù. Tò wọ́n sórí tábìlì kí ó tó dé. Jẹ́ kó sinmi, fún un lómi mu, kí o tó sọ ọ́. Má kọ́kọ́ sọ pé o fẹ́ ṣe é lóore; sọ ohun tí o ṣe ná. Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì jọ pe ìyá àgbà rẹ̀, kí ìwọ sì ni kí o sọ̀rọ̀.

Ta ló sì mọ̀ bóyá òun náà ní tirẹ̀ tó ń fi pamọ́? Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ aláwọ̀ ewé tí o sọ pé o ń wá láti oṣù tó kọjá, n kò sọ pé mo mọ nǹkankan. Mo kàn mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù máa ń gbóná.

Má sì tìtorí èyí sá kúrò ní ilé ìdáná o! Àṣìṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju mímọ́ ọwọ́ ẹni tó jókòó. Máa fọ abọ́. Máa béèrè. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ó yá, tú ẹrù rẹ.

Mo lọ sí ọjà Ìkòròdú lánàá lẹ́yìn kíláàsì. Mo bá ìyá kan tó ń ta ìkòkò, mo sọ ohun tí o ní kí n sọ fún un: mo fẹ́ ìṣasùn tó ti dúdú, tó ti pẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ta ló ń ta ìyẹn? Ẹni tó bá dúdú sí lọ́wọ́ kì í tà á."

Nítorí náà èyí tí o ń wò yìí ni mo rà. Ó pupa, àbí? Ó pupa bí ọmọ titun. Kò sí ibi tí o lè gbé e sí nínú ilé ìdáná yẹn tí Bùkọ́lá kò ní rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kò lè bá ọ purọ́. Mo wá èyí tó pupa jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ sọ ọ́ di dúdú. Tó bá di Sátidé, tí ọ̀rọ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó mu ún tẹ́rùn. Ẹ dà á nù, ẹ gbé e sí atẹ́gùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ fi epo pupa pa á nínú àti lóde. Ẹ gbé e sórí iná tó rọlẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Tí ohun tí ìyá àgbà bá sọ bá yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kí ẹ ṣe.

Alhaja ní kí n kí yín. Wọ́n fi bísíkíìtì sínú ìṣasùn náà, ẹ má sọ fún ọmọ wọn.

Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá sè nínú rẹ̀ yóò rí bí erùpẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó ń ha abọ́ báyìí kó tó fọ̀ ọ́.